Ẹ̀jẹ̀ Imú Ẹṣin, àti Àrùn Tí Ó Fara Sin

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ ẹṣin ni a gbé wá síwájú yín. Bóyá ẹnì kan yóò wí pé, Kí ni ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ ẹṣin, àwa tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ni a ń wọ̀ lọ sí oko àti sí ọjà? Ìdáhùn wa ni pé ẹṣin kò tí ì kúrò láàrin wa. Lọ́dọọdún ni àwọn ìdílé balógun ń gùn ún wá sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó wà ní Ìlọrin, ó wà ní Ọ̀yọ́, àwọn ọmọdé sì ń sanwó láti gun ẹ̀yìn rẹ̀ ní etí òkun Èkó. Níbikíbi tí ẹṣin bá sì wà, ẹnì kan ní láti wà níbẹ̀ tí ń bu omi fún un, tí ń gé koríko fún un, tí ó sì ń nu ara rẹ̀. Ẹni náà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ, nítorí pé òun ni yóò kọ́kọ́ rí i bí ohun kan bá ń ṣe ẹṣin náà, tàbí kí ó má rí i.

Ẹranko kò lè sọ ohun tí ń ṣe é. Ọmọ ọwọ́ pàápàá a máa sunkún bí inú bá ń run ún. Ṣùgbọ́n ẹṣin a máa dúró jẹ́ẹ́ nínú ìrora rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Nínú pápá tí àwọn baba ńlá ẹṣin ti ń jẹko, ẹran tí ó bá ń tiro tàbí tí ń mí hẹlẹhẹlẹ ni kìnnìún ń kọ́kọ́ lé. Nítorí náà ni ẹṣin fi mọ bí a ti ń fi àìsàn pamọ́. Ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ a sì máa ronú pé, níwọ̀n ìgbà tí òun kò rí nǹkan kan, kò sí nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò ṣeé fi pamọ́, èyí ni ẹ̀jẹ̀ tí ń ti imú jáde. Bí ó bá ti kán sílẹ̀, gbogbo ilé ni yóò pariwo. Ohun tí a sì fẹ́ fi hàn láti inú ìtàn ni pé ẹ̀jẹ̀ tí a rí kì í ṣe ìwọ̀n àrùn tí ó wà nínú. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lè dà, kí ẹṣin sì yè. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè kán, kí ẹṣin sì kú. Àrùn tí ó sì burú jù lọ lè má mú ẹ̀jẹ̀ kankan jáde. Ó gba àwọn ènìyàn ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọn tó mọ èyí, ó sì ná wọn ní ohun púpọ̀.

I. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tí kò pa ẹṣin

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọlọ́rọ̀ ti fẹ́ràn eré ìje ẹṣin láti ìgbà pípẹ́, a bí ẹṣin kan ní nǹkan bí ọdún 1716 tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bartlett's Childers. Arákùnrin rẹ̀, Flying Childers, lókìkí ní ìgbà náà fún eré sísá. Òun náà ì bá sáré, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ a máa tú ní imú rẹ̀, nítorí náà a kò mú un lọ sí pápá eré ìje rí. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní Bleeding Childers, èyíinì ni Childers Ẹlẹ́jẹ̀. Síbẹ̀ a kò pa á. Ó bí Squirt, Squirt bí Marske, Marske sì bí Eclipse ní ọdún 1764, ẹṣin tí ẹnikẹ́ni kò borí rẹ̀ rí ní pápá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Herod, tí a bí ní 1758: nínú eré ìje kan ní ìlú York ní 1766, iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ nínú rẹ̀ bí ó ti ń sáré, ṣùgbọ́n òun pẹ̀lú di baba fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹṣin tí ó yára.

Èyí tí ó lókìkí jù lọ ṣẹlẹ̀ ní 1867. Ọ̀gbẹ́ni Henry Chaplin ní ẹṣin kan tí ń jẹ́ Hermit, tí ó ń pèsè sílẹ̀ fún eré ìje Derby ní Epsom. Nígbà tí ó kù bí ọjọ́ mẹ́wàá, bí a ti ń mú ẹṣin náà sáré láti fi dán an wò, iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì dà ní imú rẹ̀. Ìròyìn náà tàn ká kíákíá, gbogbo ènìyàn sì gbà pé ó ti parí fún Hermit. A yọ̀ǹda ẹni tí ì bá gùn ún pé kí ó lọ gun ẹṣin mìíràn. Àwọn atatẹ́tẹ́ sì ń fi 1,000 pọ́n-ùn lélẹ̀ sí 15 péré pé kò lè borí.

Ìjòyè ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí a ń pè ní Marquess ti Hastings. Òun ni ó gba àfẹ́sọ́nà Chaplin mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 1864. Ọkùnrin yìí ta tẹ́tẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀ pé Hermit kò ní borí. Ní ọjọ́ 22 oṣù May, nínú òtútù àti òjò yìnyín, ọgbọ̀n ẹṣin jáde sí pápá, Hermit sì wà láàrin wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Daley ni ó gùn ún. Nígbà tí wọ́n dé òpin, Hermit ni ó fi ọrùn kan péré ṣíwájú ẹnìkejì rẹ̀. Hastings pàdánù nǹkan bí 120,000 pọ́n-ùn ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìlera rẹ̀ bàjẹ́, ó sì kú ní ọdún kejì, ní 1868, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 26. Ṣùgbọ́n Hermit yè, fún ọdún méje léraléra, láti 1880 títí dé 1886, kò sì sí ẹṣin tí àwọn ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀bùn eré ìje tó tirẹ̀ ní ilẹ̀ náà.

A kò sọ ìtàn yìí láti yin tẹ́tẹ́. Òpin ọkùnrin náà tó láti kọ́ni lọ́gbọ́n. A sọ ọ́ nítorí pé ó rí ẹ̀jẹ̀, ó sì kà á sí ikú. Kì í ṣe òun nìkan. Gbogbo ọlọ́gbọ́n pápá ni ó kà á bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ti wá.

II. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wá

Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ti Hermit, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú imú ni iṣan ti ń bẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí fún ọmọdé tí oòrùn pa. Ọ̀nà kan kò sí láti wo inú ẹṣin nígbà tí ó wà láàyè. Bí ó bá sì kú, ó di òmíràn.

Ọ̀nà ṣí nígbà tí a ṣe ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó rọ̀ bí okùn, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí a lè tì gba ihò imú ẹṣin wọlé títí dé ọ̀nà èémí rẹ̀, kí oníṣègùn ẹranko sì máa fi ojú ara rẹ̀ wo ohun tí ó wà níbẹ̀. Ní 1974, oníṣègùn ẹranko kan tí ń jẹ́ W. R. Cook kọ̀wé pé inú ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹṣin ìje ti ń wá, kì í ṣe inú imú. Ní 1981, J. R. Pascoe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California wo 235 ẹṣin lẹ́yìn tí wọ́n sáré tán. Nǹkan bí 44 nínú 100 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ nínú ọ̀nà èémí wọn. Ṣùgbọ́n díẹ̀ kíún nínú wọn ni ẹ̀jẹ̀ jáde ní imú rẹ̀ tí ènìyàn fi lè rí i. Ẹ kíyè sí èyí. Fún igba ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ènìyàn ti ń nawọ́ sí ẹṣin ẹlẹ́jẹ̀ kan, wọ́n sì ń yin àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láìmọ̀ pé ohun kan náà ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ìdí rẹ̀ ni èyí. Nígbà tí ẹṣin bá ń sá eré àsápajúdé, ọkàn rẹ̀ a máa lù ju ìgbà 200 lọ ní ìṣẹ́jú kan, yóò sì máa fi agbára ńlá ti ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ògiri tí ó pààlà láàrin ẹ̀jẹ̀ àti afẹ́fẹ́ níbẹ̀ tín-ín-rín púpọ̀púpọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tín-ín-rín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ kì yóò lè gbà á kọjá. Nígbà tí agbára náà bá pọ̀ jù, àwọn iṣan kéékèèké a bẹ́, ẹ̀jẹ̀ a sì sun sínú ọ̀nà èémí. Ẹṣin a gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì. Ó di ìgbà tí ó bá padà dé ibùso rẹ̀, tí ó tẹ orí ba láti jẹ koríko, kí ìyókù tó ṣàn jáde ní ihò imú méjèèjì. A kò wí pé kò léwu. Bí ó bá ń ṣe é léraléra, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ a máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì yẹ kí a tún mú un sáré kí oníṣègùn tó wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀lé eré sísá, tí ó dá kíákíá, kì í sábà jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ikú.

III. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ń pa ẹṣin

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wo òdì kejì rẹ̀. Ẹṣin kan dúró ní ibùso rẹ̀, kò sáré, kò ru ẹrù, ẹnikẹ́ni kò lù ú. Ní òwúrọ̀ olùtọ́jú rẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ó gbẹ mọ́ ihò imú rẹ̀ kan. Ó nù ún, ó sì gbàgbé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ó tún rí i. Ẹṣin ń jẹun, ojú rẹ̀ mọ́. Ó gbàgbé lẹ́ẹ̀kejì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bá ẹṣin nílẹ̀ nínú adágún ẹ̀jẹ̀, ó ti kú.

Irú èyí ṣẹlẹ̀ níbi púpọ̀, ìdí rẹ̀ sì ṣókùnkùn títí Cook tí a ti dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé nípa rẹ̀ láàrin 1960 àti 1970. Ẹṣin ní ohun kan tí ènìyàn kò ní, tí màlúù pẹ̀lú kò ní. Lókè ọ̀fun rẹ̀, nísàlẹ̀ etí, àpò afẹ́fẹ́ méjì wà, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, olúkúlùkù lè gba nǹkan bí ìdajì lítà. Ara ògiri àpò yìí gan-an ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ń gòkè lọ sí ọpọlọ gbà kọjá. Nígbà mìíràn, ohun kan tí ó dàbí èyí tí ń hù lára oúnjẹ tí ó bu a máa hù sára ògiri náà, a sì jẹ ẹ́ wọnú, títí yóò fi dé ara iṣan. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni ìgbà tí ó gún iṣan lára. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ìgbà tí iṣan ya.

Láàrin àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn, ó lè jẹ́ ọjọ́ díẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nínú àwọn tí a kò tọ́jú, nǹkan bí ìdajì ni ó ń kú. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 1980 wá, àwọn oníṣẹ́ abẹ ti mọ bí a ti ń dí iṣan náà nísàlẹ̀ àti lókè ibi tí ó jẹrà, ọ̀pọ̀ sì ń yè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù: ǹjẹ́ ẹni tí ó rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yẹn sọ fún ẹnikẹ́ni? Àwọn àmì mìíràn a máa bá a rìn nítorí pé okùn ìmọ̀lára púpọ̀ gba ibẹ̀ kọjá: ẹṣin kò lè gbé oúnjẹ mì dáadáa, koríko àjẹtì ń padà jáde ní imú, ìpéǹpéjú kan rọ̀ sílẹ̀, tàbí ohùn èémí rẹ̀ yàtọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ tí ó dà lẹ́yìn eré sísá dẹ́rù ba gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1867, ẹṣin náà sì borí. Ẹ̀jẹ̀ kíún tí ó kán lórí ìsinmi kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, ó sì pa ẹṣin.

IV. Àrùn tí kò mú ẹ̀jẹ̀ jáde

Àwọn ènìyàn ti mọ àrùn kan láti ìgbà àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní glanders. Bí ó bá le, ikun tí ó lẹ̀ a máa ṣàn ní imú ẹṣin, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Egbò a wà nínú imú, kókó a sì yọ lábẹ́ àgbọ̀n. Ẹni tí ó rí irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ kò nílò olùkọ́. Ṣùgbọ́n àrùn yìí ní ìwà mìíràn: ó lè fara sin nínú ẹ̀dọ̀fóró fún oṣù àti fún ọdún, kí ẹṣin máa ṣiṣẹ́, kí ó sì sanra, kí ó máa tàn án kálẹ̀ nínú ọpọ́n omi tí gbogbo ẹṣin ń mu.

Ní 1761 ni Claude Bourgelat gba àṣẹ láti dá ilé ẹ̀kọ́ oníṣègùn ẹranko sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, àkọ́kọ́ irú rẹ̀; òmíràn tẹ̀lé e ní Alfort. Ó ṣeni láàánú pé àwọn ọ̀mọ̀wé Alfort, fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀lé e, ń kọ́ni pé glanders tí ó pẹ́ lára kì í ràn. A sì fi irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láàrin àwọn tí ó le. Ní 1837, oníṣègùn ènìyàn kan ní Paris, Pierre Rayer, fi hàn pé àrùn náà ń ran ènìyàn pẹ̀lú. Ó mú nínú ohun tí ó jáde lára olùtọ́jú ẹṣin kan tí ó ń kú lọ, ó fi sára ẹṣin, ẹṣin náà sì kó o. Ó di mímọ̀ nígbà náà pé àwọn tálákà tí ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ ẹṣin ọ̀gá wọn ni wọ́n ti ń san gbèsè àìmọ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n.

Ní 1882, Loeffler àti Schütz ní Jámánì rí kòkòrò tí ń fa àrùn náà. Ní nǹkan bí 1891, àwọn oníṣègùn ẹranko méjì ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Helman àti Kalning, tí olúkúlùkù ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, ṣe omi kan láti ara kòkòrò náà lẹ́yìn tí a ti pa á, èyí tí a sọ ní mallein. Bí a bá fi í sára ẹṣin tí ó le, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bí a bá fi í sára ẹṣin tí àrùn fara sin sínú rẹ̀, ara rẹ̀ yóò gbóná, ibẹ̀ yóò sì wú. Báyìí ni ẹṣin tí kò lè sọ̀rọ̀ ṣe jẹ́rìí nípa ara rẹ̀. Kalning kò pẹ́ láyé láti rí èso iṣẹ́ rẹ̀. Àrùn tí ó ń wá ìdí rẹ̀ ni ó pa á. Nípa mallein àti pípa àwọn ẹṣin tí ó bá dá lẹ́bi, a ṣẹ́gun glanders pátápátá ní Britain ní 1928, àti ní Amẹ́ríkà ní 1934. Ó ṣì wà ní àwọn ilẹ̀ kan títí di òní.

V. Ẹṣin Ọ̀yọ́ àti eṣinṣin

Bóyá ẹ ó wí pé ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun ni gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ kí a padà sílé, nítorí àrùn tí ó fara sin kò fi wá sílẹ̀.

Ẹṣin ni ó gbé Ọ̀yọ́ ga. Ní 1726, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ wọ ilẹ̀ Dàhòmì, wọ́n sì ṣẹ́gun ogun Agaja ọba tí ó ní ìbọn. Olókùn Ẹṣin jẹ́ oyè ńlá ní ààfin Aláàfin. Nígbà tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù January 1826, ẹṣin ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ẹṣin Ọ̀yọ́ kò ti Ọ̀yọ́ wá. Láti òkè ni a ti ń rà wọ́n, láti ọ̀dọ̀ àwọn ará àríwá, owó tí a sì ń gbà lórí ẹrú wà nínú ohun tí a fi ń rà wọ́n. A kò lè rà wọ́n lẹ́ẹ̀kan kí ó tó, nítorí pé wọn kì í pẹ́ láyé nílẹ̀ wa. Ogun ẹlẹ́ṣin a sì máa padà sílé kí òjò tó dé. Ní ìhà igbó, bí ti Èkìtì àti Ìjẹ̀bú, ẹṣin kò rí ipò. A kò wí pé àrùn nìkan ni ó fà á. Igi igbó náà kò gba ẹlẹ́ṣin láyè. Ṣùgbọ́n ọ̀tá kan wà níbẹ̀ tí kò sí jagunjagun tí ó rí i.

Ẹṣin yóò dé láti òkè, ara rẹ̀ yóò máa dán. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ibà yóò mú un, ibà yóò sì fi í sílẹ̀. Olówó rẹ̀ yóò wí pé ara rẹ̀ ti yá. Ibà yóò tún padà. Yóò máa jẹun, síbẹ̀ yóò máa rù. Erìgì rẹ̀ yóò funfun, abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wú, ní ìkẹyìn kì yóò lè dìde mọ́. Kò sí ọgbẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ yóò wí pé ọ̀tá ni ó ṣe é.

Inú ẹ̀jẹ̀ gan-an ni ọ̀tá náà wà. Ní 1880, ní Punjab ní ilẹ̀ Íńdíà ìgbà náà, Griffith Evans, oníṣègùn ẹranko nínú ogun Gẹ̀ẹ́sì, fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹṣin àti ràkúnmí tí ń kú nípa irú àìsàn bẹ́ẹ̀, ó sì rí kòkòrò tín-ín-rín tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ó wí pé òun ni ó fa àrùn. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò gbà. Ní 1894, a rán David Bruce, oníṣègùn ogun, lọ sí ilẹ̀ Zulu ní gúúsù Áfíríkà, níbi tí àrùn tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní nagana ti ń pa ẹran. Òun àti aya rẹ̀ Mary jọ ṣiṣẹ́ ní òkè Ubombo. Bruce rí ìbátan kòkòrò Evans nínú ẹ̀jẹ̀ ẹran. Lẹ́yìn náà ó mú ẹṣin sọ̀kalẹ̀ sí àfonífojì tí eṣinṣin tsetse wà fún wákàtí díẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n jẹ, kò jẹ́ kí wọ́n mu, síbẹ̀ àrùn mú wọn. Ó kó eṣinṣin láti ìsàlẹ̀ gòkè wá, ó jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹṣin tí kò kúrò lórí òkè rí, àrùn mú òun náà. Ó tún rí i pé ẹran ìgbẹ́, bí ẹfọ̀n, ń gbé kòkòrò náà kiri nínú ara wọn láìṣàìsàn. Bẹ́ẹ̀ ni ó di mímọ̀, ní nǹkan bí 1895, ohun tí ó ti ń pa ẹṣin àwọn baba wa láti ìrandíran. Àwọn ẹṣin wa òde òní kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lábẹ́ awò lè fi í hàn, oògùn sì wà fún un bí a bá tètè mọ̀.

VI. Ohun tí ó yẹ kí a máa ṣọ́

Láti inú ìtàn wọ̀nyí, ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹni tí ó rí ẹ̀jẹ̀ imú bi ara rẹ̀ kò ṣòro. Ìgbà wo ni ó dé: lẹ́yìn eré sísá ni, tàbí lórí ìsinmi? Ihò kan ni, tàbí méjèèjì? Ẹ̀jẹ̀ láti ihò kan sábà máa ń ti ibi tí kò jìnnà wá. Ti méjèèjì sábà máa ń ti ìsàlẹ̀ wá. Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ ni? Ṣé òórùn búburú wà níbẹ̀, tàbí wíwú lójú? Bí ó bá dé lórí ìsinmi, bí ó bá padà wá, bí ó bá ń dà gidigidi tàbí tí kò dá láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a pe oníṣègùn ẹranko lọ́jọ́ náà, kí a má dúró di ọ̀la. Ẹṣin ńlá tí ó wọn 500 kìlógíráàmù ní nǹkan bí 40 lítà ẹ̀jẹ̀, nítorí náà kí a má bẹ̀rù nítorí ilẹ̀ tí ó pọ́n nìkan. Kí a mú ẹṣin dúró jẹ́ẹ́, kí a má so orí rẹ̀ sókè. Kí a má sì ṣe fi aṣọ dí imú rẹ̀ láé. Ẹṣin kò lè fi ẹnu mí gẹ́gẹ́ bí ènìyàn, ẹni tí ó dí imú rẹ̀ méjèèjì ti pa á.

Ní ti àrùn tí ó fara sin, àtètèmọ̀ rẹ̀ wà nínú mímọ ẹṣin nígbà tí ó le. Lórí ìsinmi ọkàn rẹ̀ a máa lù láàrin ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan. Yóò mí ní ìgbà 8 sí 16. Ìgbóná ara rẹ̀ a wà láàrin 37.5 sí 38.5, erìgì rẹ̀ a pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, a sì tutù. Olùtọ́jú tí ó ń wo wọ̀nyí lójoojúmọ́ yóò mọ̀ nígbà tí ọ̀kan bá yí padà, kí ẹṣin tó bẹ̀rẹ̀ sí rù. Bí ẹran kan bá sì kú lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kò dì ń ti imú àti ihò ara rẹ̀ jáde, kí ẹnikẹ́ni má là á, kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́. Ó lè jẹ́ àrùn anthrax, tí ń pa ènìyàn pẹ̀lú. Kí a sọ fún àwọn aláṣẹ.

Ẹ̀yin ará, àwọn baba wa wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Nípa ti ẹṣin, ìtàn fi hàn pé ojú kan kò tó. Ojú atatẹ́tẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ Hermit, kò sì rí agbára rẹ̀. Ojú àwọn ọ̀mọ̀wé Alfort rí ẹṣin tí ó sanra, kò sì rí ikú tí ó gbé sínú. Ojú àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́ rí pápá, kò sì rí eṣinṣin. Ẹni tí ó rí i nígbẹ̀yìn ni ẹni tí kò tijú láti tún wò, tí ó wo inú ọ̀fun, tí ó wo ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀, tí ó ka lílù ọkàn. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí kò ju agbára ọmọkùnrin tí ń bu omi fún ẹṣin ní ìdájí lọ. Kí ẹni tí ó ní ẹṣin kọ́ ọ ní i, kí ó sì gbọ́ ọ nígbà tí ó bá sáré wá wí pé, Bàbá, mo rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní imú rẹ̀ lónìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sáré lánàá.